Alma Mater: Ìyá Abọ́ni àti Àwọn Ọmọ Àgbàtọ́ Rẹ̀

Ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ti pinnu pé a óò gbé òkúta ìrántí kan kalẹ̀ lẹ́bàá ẹnu-ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wa, kí ó lè máa jẹ́rìí fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn pé a ṣe ọdún yìí. Kò sí ẹni tí ó bá òkúta náà jà. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí a óò fín sí i lára ni ó di àríyànjiyàn. Àwọn kan fẹ́ kí a kọ alma mater, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀mọ̀wé ti máa ń pe ilé ẹ̀kọ́ tí ó tọ́ wọn. Àwọn mìíràn ní ilé ẹ̀kọ́ ọkùnrin ni àwọn baba wa dá sílẹ̀ kí àwọn ọmọbìnrin tó dara pọ̀ mọ́ wa, nítorí náà almus pater ni ó yẹ. Òbí kan, ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ṣeré, béèrè bóyá kì í ṣe oríkì òrìṣà àwọn ará Róòmù ni a fẹ́ fín sí ojú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ Kristẹni. Arábìnrin kan tí ó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ yìí sì fẹ́ mọ̀ bóyá òun wà nínú alumni tàbí òun kò sí níbẹ̀. Nítorí pé mo kọ́ èdè Látìn ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, èmi ni wọ́n yàn láti dáhùn. Mo gbà láti ṣe é, nítorí ohun tí a bá fín sára òkúta kò ṣeé fi rọ́bà pa rẹ́.

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà nínú èdè Látìn tí í jẹ́ alere. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a bọ́ ẹnìkan, kí a máa fún un ní oúnjẹ títí yóò fi dàgbà. Alo ni ará Róòmù yóò wí bí ó bá fẹ́ sọ pé òun ń bọ́ ẹnìkan. Bọ́ tiwa náà sún mọ́ ọn púpọ̀, nítorí a ń bọ́ ọmọ, a sì ń bọ́ ẹran ọ̀sìn. Ṣùgbọ́n tiwọn gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú wọn, igi ń bọ́ iná, òjò ń bọ́ odò, ìrètí sì ń bọ́ ọkàn ẹni tí ìyà ń jẹ. Ohunkóhun tí ó bá ń mú kí nǹkan wà láàyè, kí ó sì máa pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń lò fún un.

Láti inú alere ni ọ̀rọ̀ àpèjúwe náà, almus, ti jáde. Bí wọ́n ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀ kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye. Àwa náà máa ń mú ọ̀rọ̀-ìṣe, a ó fi àfòmọ́ kún un, yóò sì di ọ̀rọ̀ tí a lè fi ṣàpèjúwe ènìyàn. Láti ara bọ́ ni a ti rí abọ́ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé iwájú ọ̀rọ̀ ni a ń fi a- tiwa sí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni àwọn ará Róòmù ń fi àfòmọ́ tiwọn sí. Al- ni ìpìlẹ̀, -mus ni ìrù. Almus, nígbà náà, ni abọ́ni, ẹni tàbí ohun tí ń fúnni ní oúnjẹ àti ìyè. Nígbà tí ó pẹ́, àwọn akéwì fẹ̀ ẹ́ lójú, ó wá ń túmọ̀ sí olóore, onínúure, ẹni ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ni ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Gbòǹgbò yìí dàgbà ju ìlú Róòmù fúnra rẹ̀ lọ. Ó wà nínú èdè àwọn ará Ireland àtijọ́, nínú èyí tí altram jẹ́ àṣà fífi ọmọ ẹni fún ẹlòmíràn tọ́. Ó wà nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní old, tí àwọn ará Jámánì ń pè ní alt, nítorí ìtumọ̀ rẹ̀ nípilẹ̀ ni ẹni tí a ti bọ́ tí ó ti dàgbà. Nínú Látìn gan-an, altus ni wọ́n ń pe ohun tí ó ga. Ọ̀nà kan náà ni ó gbà wá: ohun tí a bọ́ títí ó fi ga ni. Méjì mìíràn wà tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama mọ̀. Adolescens ni ẹni tí ó ń dàgbà lọ́wọ́. Adultus ni ẹni tí ó ti dàgbà tán. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni àwọn méjèèjì, ọ̀kan ń sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, èkejì ń sọ ohun tí ó ti parí. Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹ̀yin òbí ń mú wá fún wa ní oṣù kẹsàn-án ọdún, ẹni kejì ni ẹ ń retí pé kí a dá padà fún yín.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo gírámà rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn almus àti alma wà. Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ àpèjúwe kì í sábà yí padà. A ó wí pé ọmọ rere, ìyá rere, ilé rere, rere kò sì ní tìtorí pé ìyá jẹ́ obìnrin kí ó yí ìrísí rẹ̀ padà. Bí wọ́n bá pọ̀, a ó fi àwọn sí iwájú, tàbí kí a sọ ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, bí ìgbà tí a bá wí pé igi ńláńlá. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti Látìn, ọ̀rọ̀ àpèjúwe dà bí ẹni tí ó lọ sí òde pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Aṣọ tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá wọ̀ ni òun náà gbọ́dọ̀ wọ̀. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ akọ, òun náà yóò jẹ́ akọ. Bí ó bá jẹ́ abo, abo ni òun náà. Oríṣi kẹta sì wà tí kì í ṣe akọ, tí kì í ṣe abo. Almus ni ti akọ, alma ni ti abo, almum ni ti ẹ̀kẹta. Ó tún gbọ́dọ̀ bá a mu bí wọ́n bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí bí wọ́n bá pọ̀, kí ó sì bá a mu nínú iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú gbólóhùn, ìbáà jẹ́ olùwà, ìbáà jẹ́ àbọ̀, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó ni nǹkan, ìbáà jẹ́ ẹni tí a fi nǹkan fún.

Ibi tí ó ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú nìyí. Wọ́n rí alma, wọ́n rí mater, wọ́n sì ní ìparí àwọn méjèèjì kò jọra, báwo ni a ṣe wá ń wí pé wọ́n bá ara wọn mu? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé aṣọ ẹbí kan náà ni wọ́n rà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ aránṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbé e lọ. Oríṣi ìyípadà márùn-ún ni àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ Látìn ní. Mater wà nínú ìsọ̀rí kẹta, ṣùgbọ́n ìsọ̀rí kìn-ín-ní ni alma ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ wí pé ‘ti ìyá abọ́ni’, almae matris ni. Bí ẹnìkan bá fẹ́ràn ìyá abọ́ni, almam matrem ni ó fẹ́ràn. Bí wọ́n bá pọ̀, almae matres ni wọ́n. Ẹni tí ó bá kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ méjì kò ní alma maters, almae matres ni ó ní. Kò sí ìgbà kan tí mater yóò fi bá almus rìn, nítorí ìyá jẹ́ abo títí ayé.

Àwọn tí ó fẹ́ almus pater ń kọ́? Ní ti gírámà, wọn kò ṣẹ̀. Pater jẹ́ akọ, almus jẹ́ akọ, ó tán. Ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n mú wá kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, nítorí akọ àti abo inú gírámà kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú bóyá ọkùnrin ni ó wà nínú kíláàsì tàbí obìnrin. Ohun tí yóò fi èyí hàn yín nìyí. Ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn ará Róòmù fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni ludus, akọ sì ni. Schola, tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn Gíríìkì, jẹ́ abo. Collegium kì í ṣe akọ, kì í sì í ṣe abo. Ilé kan náà, pẹ̀lú ògiri kan náà àti àwọn ọmọ kan náà, lè jẹ́ almus ludus, kí ó jẹ́ alma schola, kí ó sì tún jẹ́ almum collegium ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn tí ó kọ́kọ́ lo alma mater fún ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Yúróòpù kò ní obìnrin kan ṣoṣo nínú kíláàsì wọn, kò sì sí ẹni tí ojú tì láti pè é ní ìyá.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà kọ akọ o. Horace, nígbà tí Késárì Augustus ní kí ó kọ orin fún àjọyọ̀ ńlá ọdún 17 kí a tó bí Olúwa wa, fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe yìí kí oòrùn, èyí tí ó jẹ́ akọ nínú Látìn. Ọmọkùnrin 27 àti ọmọbìnrin 27 ni ó kọ orin náà. Virgil pe oko ní almus pẹ̀lú, ọmọ Yorùbá tí ó bá mọ àgbàdo tuntun nínú oṣù kẹfà kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Oòrùn ń bọ́ni, oko ń bọ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń sọ ti ènìyàn, àwòrán tí ọ̀rọ̀ náà ń gbé wá sí ọkàn ni ìyá tí ó gbé ọmọ sí àyà. Ní ọdún 1600, John Legate, òǹtẹ̀wé ilé ẹ̀kọ́ gíga Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi àwòrán obìnrin kan sí ojú ìwé tí ó tẹ̀. Wàrà ń ṣàn ní ọmú obìnrin náà, wọ́n sì kọ Alma Mater Cantabrigia yí i ká. Òǹtẹ̀wé yẹn kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Mo gbà á níyànjú pé kí a má gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sí ẹnu-ọ̀nà tiwa, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí i kò tún lè rò pé ọ̀rọ̀ oyè lásán ni alma.

Mo wá dé ọ̀dọ̀ òbí wa tí ẹ̀rù òrìṣà ń bà. Òtítọ́ ni pé àwọn ará Róòmù fi ọ̀rọ̀ yìí ki àwọn òrìṣà wọn. Virgil fi ki Ceres, tí wọ́n gbà pé ó ni ọkà. Lucretius fi ki Venus ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìṣẹ̀dá ohun gbogbo. N kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n oríkì ni, kì í ṣe orúkọ, ẹni tí a bá sì fi oríkì kí ni ó ń gba oríkì náà. Àwọn Kristẹni gbà á lọ́wọ́ wọn kò pẹ́ kò jìnnà. Ní àárín ẹgbẹ̀rún ọdún àkọ́kọ́ àti ìkejì, orin kan jáde nínú Ìjọ Àgùdà tí ó fi alma ki ìyá Olùràpadà, Alma Redemptoris Mater, wọ́n sì ń kọ ọ́ títí di òní ní àkókò Ìpadàbọ̀ Olúwa àti Kérésìmesì. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga gbà á. Èyí tí ó wà ní Bologna ní Ítálì, tí wọ́n ń ka ọdún ìpìlẹ̀ rẹ̀ sí 1088, ṣì ń jẹ́ Alma Mater Studiorum, ìyá tí ń bọ́ni pẹ̀lú ẹ̀kọ́. Àwa tí à ń ka Bíbélì Yorùbá kò lè ṣe àṣejù lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ni a ti gba àlùfáà àti wòlíì, kò sì sí ẹni tí ó ń tìtorí ìyẹn kọ̀ láti ka Léfítíkù. Nínú èdè tiwa gan-an, àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó ya bọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára bọ. Ìyá tí ń bọ́ni ni ọ̀rọ̀ yìí ń sọ, kì í ṣe ìyá tí à ń bọ.

Àfikún díẹ̀ fún àwọn oníwàásù ẹlẹgbẹ́ mi: almah tí ó wà nínú Àìsáyà orí keje ní èdè Hébérù, ọ̀dọ́mọbìnrin ni, kò sì bá alma ti Látìn tan rárá. Ohùn wọn ni ó pàdé lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni alma tí àwọn tí ń sọ èdè Sípéènì ń lò fún ọkàn ènìyàn. Láti inú anima ni ìyẹn ti wá, ẹnu àwọn ènìyàn ni ó sì yí n padà di l. Ère obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Alma Mater jókòó sí orí àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́ gíga Havana ní Cuba. Ará ìlú yẹn tí kò kọ́ Látìn lè rò pé ọkàn ni wọ́n ń wí.

Gbogbo èyí, ọ̀nà ni mo ń là. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lọ́kàn mi jù lọ ni èyí tí a ń pe ara wa, alumnus. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìmọ̀ pé ìyá kan náà ni ó bí i pẹ̀lú alma. Al- náà ni ó wà níwájú rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ bọ́. Ìrù rẹ̀, -mnus, ti darúgbó púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú èdè Gíríìkì, -menos, ẹni tí ó bá sì ti ka Májẹ̀mú Tuntun ní èdè yẹn ti pàdé rẹ̀ ní ojú ewé gbogbo. Iṣẹ́ rẹ̀ níhìn-ín ni láti fi hàn pé kì í ṣe ẹni náà ni ó ń ṣe é, òun ni a ń ṣe é fún. Almus ni ẹni tí ń bọ́ni. Alumnus ni ẹni tí a ń bọ́. Òwú kan náà ni, a fa ọ̀kan síhìn-ín, a fa èkejì sọ́hùn-ún.

Ní Róòmù, alumnus kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nípilẹ̀. Ẹ lọ wo àwọn òkúta ibojì wọn, ọ̀rọ̀ náà wà lára wọn káàkiri. Ọmọ tí a kò bí, ṣùgbọ́n tí a tọ́, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu rẹ́gí: ọmọ àgbàtọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni òbí wọn gbé jù sí ojú títì tàbí sí ẹ̀gbẹ́ tẹ́ḿpìlì, tí ẹlòmíràn sì rí wọn he. Ìtọ́jú yìí kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ti àánú. Ní nǹkan bí ọdún 111 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, Pliny, ẹni tí Késárì Trajan fi ṣe gómìnà Bithynia àti Pontus, ní apá àríwá ilẹ̀ tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí, kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ nítorí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Threptoi ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀ ní èdè Gíríìkì, ìtumọ̀ kan náà sì ni pẹ̀lú alumni. A bí wọn ní òmìnira, a gbé wọn jù nù, ẹni tí ó rí wọn bọ́ wọn, ó sì fi wọ́n ṣe ẹrú. Pliny fẹ́ mọ ipò tí wọ́n wà lábẹ́ òfin, ó sì fẹ́ mọ ohun tí a óò ṣe nípa owó oúnjẹ tí wọ́n ti jẹ.

Ẹ wo ìbéèrè ńlá. Ẹni tí ó fi oúnjẹ rẹ̀ tọ́ ọmọ dàgbà, ǹjẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó rẹ̀ kí ó tó jọ̀wọ́ ọmọ náà? Èsì Trajan kúrú. Ó ní ẹni tí a bí ní òmìnira tí ó sì ń béèrè òmìnira rẹ̀, kí a má ṣe dí i lọ́nà, kò sì gbọdọ̀ san owó oúnjẹ kí ó tó gbà á. Ọ̀rọ̀ tí ó lò fún oúnjẹ níbẹ̀ ni alimenta, ọmọ alere kan náà. Késárì tí kì í ṣe Kristẹni ni ó sọ èyí, Késárì tí kò tilẹ̀ ṣàánú àwọn Kristẹni inú ìgbèríko yẹn púpọ̀. Òun kan náà ni ó fi ìdí ètò kan múlẹ̀ ní Ítálì tí wọ́n ń pè ní alimenta, nínú èyí tí ìjọba ń ná owó lórí oúnjẹ àwọn ọmọ. Wọ́n wú àwo bàbà ńlá kan jáde ní Veleia, ní àríwá Ítálì, ní ọdún 1747, tí iye owó náà wà lára rẹ̀: owó sestertius 16 fún ọmọkùnrin lóṣù, 12 fún ọmọbìnrin. Kí ni ó dé tí ti ọmọbìnrin fi kéré? Ẹ bi Trajan.

Mo dúró pẹ́ lórí èyí nítorí ohun tí mo ń gbọ́ nínú ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, kì í sì í ṣe ti ìlú kan ṣoṣo. Nígbà tí ọdún bá pé, a máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìwé gbèsè ni ìwé ẹ̀rí wa. Mo mọ ọkùnrin kan, kì í ṣe ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yìí, tí kò yọjú sí ìpàdé ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ka orúkọ rẹ̀ jáde pẹ̀lú àwọn tí kò san owó orí. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì ni, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò sì tètè ń wọlé. Kí a mú ọrẹ wá fún ilé tí ó bọ́ wa, ó dára, èmi náà ti mú tèmi wá, òrùlé yàrá ìkàwé sì ń retí ti yín. Ṣùgbọ́n owó tí a fi ń ra ipò ọmọ padà ni Trajan ní kí a má gbà. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ jẹ́ alumnus bí ẹni tí ó kọ́ gbọ̀ngàn, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò sọ ohun tí ọmọ ṣe fún ìyá. Ohun tí ìyá ṣe fún ọmọ ni ó sọ.

Ẹ̀yin òbí pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ àgbàtọ́ yìí kàn yín. Ilé ẹ̀kọ́ kò bí ọmọ yín, kò sì ní agbára láti gba ipò yín. Nígbà tí ọmọbìnrin Fáráò rí Mósè nínú apẹ̀rẹ̀, òun ni ó fi ṣe ọmọ, ṣùgbọ́n ìyá tí ó bí i ni a pè wá láti fún un ní ọmú. Ààfin ni ó ti kọ́ ọgbọ́n àwọn ará Íjíbítì, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dàgbà, ó mọ àwọn wo ni arákùnrin òun. Alma mater tí ó bá mọ ipò ara rẹ̀ a máa pe ìyá ọmọ sí ìdí iṣẹ́ náà.

Ó ku ìbéèrè arábìnrin wa. Ọkùnrin kan ni alumnus. Obìnrin kan ni alumna. Bí ọkùnrin bá pọ̀, alumni. Bí obìnrin bá pọ̀, alumnae. Bí wọ́n bá dàpọ̀ mọ́ ara wọn, Látìn a máa lo ti akọ, alumni, nítorí náà arábìnrin wa wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gírámà kò fún un ní àga tirẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo kò lè jẹ́ alumni, gẹ́gẹ́ bí ẹni kan ṣoṣo kò ti lè jẹ́ àwọn ọmọ, ìbáà jẹ́ pé olóyè ni. Bí a ṣe ń pè wọ́n lẹ́nu tún jẹ́ ẹjọ́ ọ̀tọ̀. Bí àwọn ará Róòmù ìgbàanì ṣe ń pè é, alumni parí sí ii, alumnae sì parí sí ai. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ẹnu tiwọn pè é, alumni di èyí tí ó parí sí ai, alumnae sì di èyí tí ó parí sí ii. Wọ́n yí i po pátápátá! Àwa tí a kọ́ ọ bí Ìjọ ṣe ń pè é ń wí pé alúmni àti alúmne, a sì ń jókòó ní àárín, à ń wò wọ́n.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ìgbìmọ̀ mọ̀. Nínú Látìn, kò sí àtijọ́ nínú alumnus. Ọmọ tí a ń bọ́ lọ́wọ́ ni. Títí di òní, alunno ní Ítálì, alumno ní Cuba àti aluno ní Brazil jẹ́ ọmọ tí ó ṣì wà nínú kíláàsì. Bí ará Brazil bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa irú wa, ex-aluno ni yóò wí. (Àwọn kan níbẹ̀ a máa sọ fún ara wọn pé ìtumọ̀ aluno ni ẹni tí kò ní ìmọ́lẹ̀, pé láti inú lumen ni ó ti wá. Irọ́ ni. Oúnjẹ ni ó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe òkùnkùn.) Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti ará Amẹ́ríkà ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún àwọn tí ó ti jáde. Bí a bá wá kọ alumni sí ara òkúta wa ní èdè Látìn tòótọ́, àwọn ọmọ tí ń fi yúnífọ́ọ̀mù kọjá níwájú rẹ̀ ní àárọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú wa.

Ìmọ̀ràn mi fún ìgbìmọ̀ nìyí. Kí a má kọ alma mater lásán, nítorí bí ó ti wà yẹn, ó dà bí ìgbà tí a pe orúkọ ènìyàn tí a kò sì bá a sọ nǹkan kan. Kí a fi í sí ipò ẹni tí a ń fi nǹkan fún. Alma yóò di almae, mater yóò di matri, a ó sì kọ ALMAE MATRI ALUMNI: láti ọwọ́ àwọn ọmọ àgbàtọ́, fún ìyá abọ́ni. Kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe níbẹ̀, kò sì burú, àwọn ará Róòmù a máa fi í sílẹ̀ lórí òkúta kí ẹni tí ń kà á fi ọkàn rẹ̀ parí rẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ kí arábìnrin wa rí ara rẹ̀ kedere, kí a kọ ALUMNI ALUMNAEQUE. Que tí ó wà ní ìparí yẹn ni àti, tí Látìn máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ kejì. Lẹ́tà mẹ́wàá ni yóò fi lé sí i. Iye lẹ́tà ni àwọn tí ń fín òkúta fi ń gba owó, èmi yóò san ti mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.